Ta ló mọ sípídómítà Ìjàpá tún ṣe láìba ojú rẹ̀ jẹ́?

Ẹni tó béèrè

Ìjàpá (Volkswagen Beetle) ọdún 1976 ni ọkọ̀ mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó. Ọwọ́ sípídómítà rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín 20 sí 60, ó sì máa ń ké bí eku tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láàárọ̀. Òǹkà kìlómítà ti dúró pa. Géèjì epo kì í kúrò lójú kan, bí táǹkì kún bí kò kún. Gíláàsì ti ṣú, òrùka tó yí i ká ti dípẹtà. Réwáyà kan ní kí n jù ú nù, kí n ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Èkejì ní kí n gbé e wá, òun á fi WD-40, epo tí wọ́n ń fín, fọ inú rẹ̀. Èyí tó bá ọkọ̀ wá gan-an ni mo fẹ́. Níbo la ti ń rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dájú, kí sì ni kí n bi í kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́?

*

Èsì

Ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àìsàn tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, wọn ò bára tan. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkan, ẹ máa sanwó lórí ohun tí kò bàjẹ́ rárá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà iwájú lápá òsì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, inú jíà ni kébù sípídómítà wọn ti ń jáde. Ti Ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Kébù rẹ̀ gba inú irin tí táyà òsì ń yí lé lórí kọjá, orí rẹ̀ tó ní igun mẹ́rin yọ jáde láti ihò inú fìlà gírísì (ìdérí kékeré tó bo àárín táyà), kílíìpù kékeré kan ló dì í mú níbẹ̀. Táyà yí lẹ́ẹ̀kan, kébù yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tú fìlà yẹn láti pààrọ̀ bérìn, tó wá fi òòlù gbá a padà, ti ba ihò náà jẹ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ, ihò á di róbótó, orí kébù á máa yọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìyẹn. Fìlà gírísì ni ẹ máa rà, kì í ṣe sípídómítà.

Tí ihò náà bá ṣì dára, ẹ fi jáàkì gbé táyà òsì sókè, ẹ tú kébù kúrò lẹ́yìn sípídómítà, kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo orí kébù lókè. Ó gbọ́dọ̀ máa yí jẹ́jẹ́ bí táyà ṣe ń yí. Tó bá dúró díẹ̀ tó wá fò lójijì, kébù ti kán tàbí ó ti gbẹ. Ẹ fa wáyà inú rẹ̀ jáde, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Èyí tó tọ́ á yí lọ geere. Èyí tó ti kán á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ti bẹ́ẹ̀, ẹ ra tuntun, kò sí ẹni tó ń tọ́ ọ.

Tí ẹ bá fẹ́ fi gírísì sí i, kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 tó kẹ́yìn lókè sílẹ̀ ní gbígbẹ. Gírísì máa ń gun kébù lọ sókè bí ó ṣe ń yí. Tó bá dé inú sípídómítà, àìsàn mìíràn ti wọlé nìyẹn.

Ti òǹkà, ẹ wò ó báyìí: tí ọwọ́ àti òǹkà bá kú pọ̀, kébù ló jẹ̀bi. Tí ọwọ́ bá ń rìn tí òǹkà dúró, inú sípídómítà ni. Tiyín jẹ́ ti ìkejì. Nítorí náà, ẹ nílò onímọ̀, ṣùgbọ́n fún òǹkà nìkan, bóyá pẹ̀lú igbe eku yẹn tí kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú kébù.

*

Réwáyà kan, Ìbàdàn

Ẹ má bínú, ẹ ń fi ti réwáyà méjì tí ẹni tó béèrè sọ yẹn kó gbogbo wa pọ̀. Oníbàárà ló máa ń ní òun ò lè dúró. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́. WD-40 máa ń jẹ́ kí ọwọ́ rìn, ó sì máa ń pa igbe yẹn. Kí ló burú níbẹ̀? Tòkunbọ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ní Àgọ́dì Gate, wọ́n ń tú Ìjàpá, èèyàn á rí sípídómítà tó ń ṣiṣẹ́.

*

Atún-aago-ṣe kan

Ó burú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kò sí jíà kankan láàárín kébù àti ọwọ́ sípídómítà. Òòfà ni kébù ń yí. Ife alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà yìí, wọn ò fara kan ara wọn, orí ọ̀pá ife yẹn ni ọwọ́ wà. Bí òòfà bá ṣe ń yí, á máa fa ife náà tẹ̀lé ara rẹ̀, sípíríǹgì kan tó tín-ín-rín bí irun orí á sì máa dá a padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti ṣe déédéé ni ọwọ́ á dúró sí. Àyè tó wà láàárín ife àti òòfà kéré gan-an. Ẹ wá fín epo síbẹ̀: epo á so méjèèjì pọ̀, ọwọ́ á fò lọ sí 120 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 50, tàbí kó má padà sí òdo mọ́. Eruku á lẹ̀ mọ́ epo náà, ó di lẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, epo á gba ara ọ̀pá gòkè dé ẹ̀yìn ojú rẹ̀, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Igbe eku yẹn, búṣì tí ọ̀pá òòfà ń yí nínú rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ̀kán epo aago kan ṣoṣo ló nílò, èyí tí èèyàn á fi orí abẹ́rẹ́ mú. Tí epo náà bá lè wo ojú yín lẹ́yìn tí ẹ kán an tán, ó ti pọ̀ jù.

Ti òǹkà: nínú àwọn sípídómítà VDO (ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ṣe ti Ìjàpá) ayé ìgbà yẹn, títí kan ti Mercedes W123, jíà kékeré kan ló máa ń tú lára ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá ń yí, jíà jókòó. A ó yọ ọ́, a ó fi ohun tó mú ha ara ọ̀pá kó lè di jíà mú, a ó tẹ̀ ẹ́ padà sí ibi tó wà gan-an, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn dé jíà kejì ti pa òǹkà náà pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan sì wà fún àwọn tí ọkọ̀ wọn ní òǹkà kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ padà sí òdo: ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Eyín jíà ló ń kán.

*

Èsì

Sí ọ̀gá wa réwáyà: tòkunbọ̀ kò burú tó bá jẹ́ ti Ìjàpá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ojú VDO dáadáa, ẹ máa rí lẹ́tà W pẹ̀lú nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí kébù gbọ́dọ̀ yí kí mítà kan tó pé. W=1 túmọ̀ sí yípo 1000 fún kìlómítà kan. Táyà Ìjàpá, 5.60-15, ń rin nǹkan bíi mítà méjì ní yípo kan, ìyẹn yípo bíi 500 fún kìlómítà kan. Tí ẹ bá wá lọ mú sípídómítà ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ W=1 nítorí pé ó wọ ihò dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa ka ìdajì: ẹ ń sá 80, ó ń sọ 40.

Èyí kan àwọn tó ń fi táyà kékeré síwájú kí Ìjàpá lè lọ sílẹ̀. 145/65 R15 kò ju mítà 1.8 lọ ní yípo kan. Sípídómítà á máa fi nǹkan bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìsáré. Kò sí onímọ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sípídómítà fún ẹjọ́ táyà.

*

Réwáyà kan, Ìbàdàn

Ti W yẹn yé mi, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká wá sórí géèjì epo, torí iṣẹ́ wa nìyẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan géèjì, ẹ wo fulóòtì inú táǹkì, ohun tó ń léfòó lórí epo láti sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún géèjì. Wáyà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tú wáyà yẹn, wọ́n á fi gún ara ọkọ̀ lórí táǹkì níbẹ̀. Iná á ṣẹ́ lójú èéfín epo bẹntiróòlù! Ẹ má ṣe é. Ẹ so rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná kù, ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) mọ́ ìdí wáyà náà, kí ẹ so apá kejì mọ́ ara ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí táǹkì, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. 10 ohm, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gun òkè lọ sí kíkún. 33 ohm, kó wà ní àárín-gbùngbùn níbẹ̀. 68 ohm, kó sún mọ́ òfìfo. Kò ní fò, á máa gùn díẹ̀díẹ̀, torí ooru ló ń ti irin inú rẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan.

Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, géèjì yè. Fulóòtì ló kú, tàbí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀) ti lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun, táǹkì máa ń jókòó lórí ọ̀dà àti rọ́bà, kò ní bá ara ọkọ̀ pàdé mọ́. Wáyà kan láti ìdè orí fulóòtì sí ara ọkọ̀ tí wọ́n ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ó parí.

*

Èsì

Ohun tí mo máa kọ náà nìyẹn, ọ̀gá, ẹ ti kọ ọ́ ju bí mo ṣe máa kọ ọ́ lọ. Ẹyọ méjì péré ni mo ní láti fi kún un.

Lẹ́yìn sípídómítà Ìjàpá, kóróbá irin kékeré kan wà tí wọ́n fi ìdè dè mọ́ ọn. Régúlétọ̀ géèjì epo ni. Ó ń tan iná, ó ń pa á, lemọ́lemọ́, kí géèjì má bàa gba fóltì 12 gbáko. Tí ojú inú rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, géèjì á kọjá kíkún, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dán géèjì wò, tó mú wáyà tààrà láti bátìrì, ẹ gba géèjì yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mítà onínọ́ńbà kì í sọ òótọ́ lórí régúlétọ̀ yìí, nọ́ńbà á kàn máa fò. Mítà ọlọ́wọ́ ló dára.

Ìkejì: fulóòtì Ìjàpá, nǹkan bíi 10 ohm ni tó bá kún, 73 tó bá gbẹ. Èyí tí VDO ń tà fún ọkọ̀ gbogbo lọ́jà jẹ́ 10 ní òfìfo, 180 ní kíkún. Ìdàkejì ara wọn ni. Ẹni tó bá fi ti ọjà sínú táǹkì Ìjàpá, géèjì rẹ̀ á sọ pé ó kún nígbà tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà. Ó máa wá gbà pé géèjì bàjẹ́, á gbé e lọ fún onímọ̀, onímọ̀ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run á gbowó.

*

Ẹnìkan láti London

Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi ránṣẹ́ síbí? Àwọn tó ń tún Smiths (sípídómítà iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ṣe wà níbí, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí sípídómítà, ojú rẹ̀ á sì dà bí ọjọ́ tó jáde. Ìwé ìjẹ́rìí ìsáré á bá a wá.

*

Èsì

Tó bá jẹ́ Morris Minor tàbí Land Rover tó ń lo Smiths, mo fara mọ́ ọn. VDO ni ti Ìjàpá, iṣẹ́ Jámánì, Fusca (orúkọ Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní Brazil) náà lò ó. Volkswagen Nàìjíríà pàápàá mú nǹkan láti Brazil: Igala tí wọ́n tà níbí, Brasilia wọn ni. Tí ẹ bá ń wá òrùka, gíláàsì tàbí ojú tuntun fún Ìjàpá 1976, ẹ wo apá Brazil pẹ̀lú Jámánì kí ẹ tó wo London.

Ìrìn-àjò náà ní ewu tirẹ̀. Ọwọ́ tó ń mì nínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ méjì lè tẹ sípíríǹgì. Tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ dandan, ẹ fi ìwé rírọ̀ yí i ká, kí òrùka rẹ̀ dojú kọ òkè, kí ẹ sì di ihò kébù pa.

*

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn èyí tí mo béèrè. Tí mo bá rí ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n níhìn-ín, kí ni mo máa bi í?

*

Èsì

Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ti gbé wa lọ.

Kò sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nìkan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, nítorí náà ẹ má wá páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ lọ bá àwọn tó ní Ìjàpá tàbí Mercedes àtijọ́ tí géèjì wọn ń ṣiṣẹ́, ẹ bi wọ́n pé ta ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ méjì ló máa ń bọ́ sí: réwáyà fún wáyà àti géèjì epo, atún-aago-ṣe àgbà fún inú sípídómítà. Ẹni tó ń tún aago onísípíríǹgì ṣe ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ohun tó tín-ín-rín.

Ẹ bi í báwo ni á ṣe ṣí òrùka. Wọ́n tẹ etí òrùka yẹn pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ni, kò ní ìdè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ pé òun á fi irin pẹlẹbẹ kékeré gbé etí náà díẹ̀díẹ̀, á yí gbogbo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, á tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó jáde. Ẹni tó bá gbé ibì kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà á ya á, tàbí kó fọ́ gíláàsì.

Ẹ bi í báwo ni á ṣe yọ ọwọ́. Ìbéèrè yìí ló ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀. Ọwọ́ sípídómítà kì í sinmi ní òdo fúnra rẹ̀, irin kékeré kan ló dá a dúró níbẹ̀. Ẹ rọra gbé e kọjá irin náà, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí sípíríǹgì ti sinmi ní tòótọ́. Ibẹ̀ ni onímọ̀ gbọ́dọ̀ sàmì sí kí ó tó fa ọwọ́ jáde, ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà sí, kí ó tó gbé e padà sórí irin. Ẹni tó bá fa á yọ láìsàmì, tó wá tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, ti pàdánù ìwọ̀n náà. Gbogbo ìsáré á yapa.

Ẹ bi í kí ni á fi nu ojú rẹ̀. Tó bá dárúkọ sípírítì, bẹntiróòlù tàbí omi ìfọ-gíláàsì, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Lẹ́tà funfun yẹn, ọ̀dà tí wọ́n tẹ̀ sórí ni, á bá òwú lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, afẹ́fẹ́ láti inú rọ́bà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀, tó bá le jù, òwú tí wọ́n fi omi bátìrì (kì í ṣe ásíìdì) rin díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní etí tí òrùka máa bò.

Ẹ ní kí ó fi sípídómítà tó ti tún ṣe yí lójú yín ní ìsáré mẹ́ta, 40, 80 àti 120. Èyí tó bá tọ́ ní 40 tó yapa ní 120, agbára òòfà tàbí sípíríǹgì ni. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ tó fi ń dín agbára òòfà kù tàbí tó fi ń fi kún un. Ẹni tí kò ní in á tẹ sípíríǹgì, kò sì ní sọ fún yín.

Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà òǹkà, kí ẹ sì ní kí ó kó gbogbo ohun tó bá pààrọ̀ padà fún yín.

*

Atún-aago-ṣe kan

Ẹ fi èyí kún un. Tí ojú géèjì kan bá ní ọ̀dà tó máa ń tàn lókùnkùn, pàápàá ti ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti ọkọ̀ kan tó ṣáájú 1960, ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹ. Radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde, ló wà nínú àwọn kan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ti kú, ṣùgbọ́n nǹkan bíi ọdún 1600 ni radium ń lò kí ó tó dín sí ìdajì, eruku rẹ̀ ni ewu gan-an.

Lórí kíkun ọwọ́: ọ̀dà fẹ́lẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀dà ní ìwúwo, ọwọ́ tó bá wúwo á máa sọ irọ́ lápá kan ojú rẹ̀.

*

Ẹnìkan láti London

Ṣé ká dá òǹkà padà sí òdo tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán? Àwọn kan ń ṣe é.

*

Èsì

Rárá o. Kí ó padà sí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la, nọ́ńbà yẹn ló máa gbà gbọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe àti nọ́ńbà ọjọ́ náà sínú ìwé ọkọ̀. Onímọ̀ tó bá ní òun á dá a sí òdo láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, á ti ṣe é fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ tan èèyàn jẹ.

Gílóòbù náà, nítorí wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ lè fi LED sí ibi tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú géèjì. Ẹ má fi í sí iná pupa bátìrì tí ọkọ̀ yín bá ti ní alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná). Iná tó gba inú gílóòbù yẹn kọjá ló ń jí alternator.

*

Ẹni tó béèrè

Àbájáde rèé. Ihò fìlà gírísì ti di róbótó pátápátá. Mo fi tuntun sí i, ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́, igbe eku ṣì wà. Géèjì epo gun òkè pẹ̀lú 10 ohm. Mítà sọ 73 lórí fulóòtì, bẹ́ẹ̀ táǹkì lé ní ìdajì.

*

Réwáyà kan, Ìbàdàn

Géèjì yín yè nìyẹn. Ẹ tú bátìrì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹ yọ fulóòtì jáde ní ìta gbangba, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ so mítà mọ́ ọn, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ láti 73 bọ̀ sí 10 láìfò. Tó bá dúró ní 73, ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí epo ló dì í. Tó bá rìn dáadáa níta, ẹ mì í létí: tí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, epo ti wọ inú rẹ̀, kò lè léfòó mọ́. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ 73 sí 10, kí ẹ mú mítà dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

*

Èsì

Ó wá ku òǹkà àti igbe eku, atún-aago-ṣe ni tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ sípídómítà, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì iwájú, ẹ gbé páálí tó bo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò, ìdè méjì ló di sípídómítà mú. Ẹ fi téèpù kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó bá dá a padà fún yín, ẹ má jẹ́ kó tẹ òrùka pa kí ẹ tó dán an wò. Ẹ fi kébù kúkúrú so ó mọ́ dírílì tí ìsáré rẹ̀ ṣeé dín kù, ẹ yí i jẹ́jẹ́. Tí ọwọ́ bá ń ti ara rẹ̀ mọ́ irin òdo, ẹ yí dírílì sí ọ̀nà kejì. Ẹ jẹ́ kó yí títí nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára òǹkà á fi yí láti 9 sí 0, kó sì gbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání láìdúró sí agbedeméjì. Ibẹ̀ ni jíà tí wọn ò tẹ̀ dáadáa ti máa ń tú. Tó bá kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tẹ òrùka pa.